Ẹ Má Ta Òdòdó Ọsàn Mọ́ O

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí máa bí àwọn kan nínú. Kò burú. Ẹ bínú tán, kẹ́ ẹ wá kà á dópin.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, a dé oko bàbá kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Igi ọsàn bí ọgọ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ so wìtìwìtì, ẹ̀ka ń tẹ̀ balẹ̀. Ọmọ-ọmọ bàbá yìí, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ní kí bàbá já ọ̀kan fún òun. Bàbá wo ọ̀nà, ó wo igi, ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọsàn àwọn ẹni yẹn ni."

Àwọn ẹni wo? Lórí ilẹ̀ tó jogún, lórí igi tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn! Àṣé ó ti ta gbogbo ẹ̀ láti oṣù Kẹta, nígbà tó ṣì wà lódòdó. Ó fi owó náà gba àwọn tó roko, ó fi ìyókù san owó ilé-ìwé. Ẹni tó rà á kò tíì wá já a. Títí dọjọ́ tí wọ́n máa wá já a tán, bàbá ti di ọdẹ aṣọ́gbà lóko ara ẹ̀. Òun ló ń lé olè, òun ló ń roko yí i ká kí iná ọyẹ́ má bàa jó o, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹyọ kan fún ọmọ-ọmọ ẹ̀.

Ohun tá a fẹ́ torí ẹ̀ jà nìyẹn.

Ó ti wọ́pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá báyìí kí èèyàn máa sọ pé ọsàn ò lówó lórí mọ́. Wọ́n á ní ẹ̀gẹ́ ló kù táyé ń rà, tàbí ká kúkú gé igi ká gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì. Àwa ò gbà. Ọsàn lówó lórí. Ẹni tó bá ń kà á ní sáà kan ṣoṣo ni kò ní rí owó náà láéláé, torí igi tó máa so fún ogún ọdún ló ń tà bí ẹni ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le. Bí ẹ bá gbin ọsàn ní mítà méje síra wọn lọ́tùn-ún lósì, hẹ́kítà kan, ìyẹn bí éékà méjì àbọ̀, á gba igi 204. Ẹ yọ àwọn tó kú kúrò, èyí tí màlúù jẹ lórí, èyí tí àfòmọ́ pa. Ká sọ pé 180 ló dúró. Igi tó ti dàgbà, tí wọ́n sì ń tọ́jú, á so ju 300 lọ lọ́dún, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú 300 kí ẹnikẹ́ni má bàa ní a ń parọ́. 180 lọ́nà 300, ọsàn 54,000 nìyẹn.

A ò ní dárúkọ iye tí wọ́n ń ta ọsàn kan, torí ti Kútọ̀ yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, ti òní sì yàtọ̀ sí ti ọ̀la. Ẹ kàn mú náírà kan péré. Náírà kan tẹ́ ẹ bá rí gbà lé orí ọsàn kọ̀ọ̀kan, ₦54,000 ni lóko yẹn lọ́dún. Náírà márùn-ún, ₦270,000. Náírà mẹ́wàá, ₦540,000. Ẹ wá fi ogún ọdún lù ú: náírà mẹ́wàá yẹn ti di ₦10,800,000. Ìyẹn bí a bá gbà pé náírà mẹ́wàá náà ló máa jẹ́ títí ogún ọdún fi máa pé, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó ń ná ọjà ní Nàìjíríà á kàn fi rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọsàn ni bàbá yẹn tà lóṣù Kẹta? Náírà mẹ́wàá yẹn ló tà. Ọsàn á padà so lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ oṣù Kẹta mìíràn ń bọ̀ náà, kò sì sí nǹkan kan nílẹ̀ tí bàbá á fi pàdé ẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ọsàn wà lára àwọn èso díẹ̀ tó lè dúró de olówó ẹ̀. Ọsàn kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tá a bẹ́ ní tútù á pọ́n nílé, á sì dùn. Ọsàn tá a já kó tó gbó, bó ṣe kan lọ́jọ́ tá a já a náà ló máa kan dé ẹnu ẹni tó rà á. Àmọ́ èyí tó ti gbó lè wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìbàjẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Valencia tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbin iṣu ní láti kọ́ àká. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ní láti wá ibi tí wọ́n ti ń lọ gàrí kíá. Ẹni tó gbin ọsàn, igi ni àká ẹ̀! Ó lè já ọgọ́rùn-ún lónìí, kó já igba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀ de ìgbà tí ọsàn bá ti ń wọ́n lójú ọjà.

Ẹni tó ra òdòdó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gba ọkọ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kún. Gbogbo ẹ̀ ló máa já lọ́jọ́ kan: èyí tó gbó, èyí tí ò gbó, èyí tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á fi igi lu ẹ̀ka, wọ́n á gùn ún, wọ́n á ya á. Àwọn àgbà kúkú ti ní ọmọ ọsàn ló ń kó pọ̀ǹpọ́ bá ìyá ẹ̀. Ẹ̀ka tó ya lọ́dún yìí, ó di ọdún mélòó kó tó tún so? Ẹni tó ra òdòdó ò ní béèrè, torí igi kì í ṣe tiẹ̀. Bí gbogbo wa bá sì ti já a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní, ọjà á kún, owó á já, a ó wá jókòó ní abẹ́ ọ̀dán ká máa sọ pé ọsàn ò lówó lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, fífi ọsàn sílẹ̀ lórí igi kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ lọ sùn. Eṣinṣin èso wà níta. Èyí tó burú jù nínú wọn ti ilẹ̀ Éṣíà wá, Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2003, kò sì pẹ́ tó fi gba gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó ń yé ẹyin sínú ọsàn, ìdin á wà nínú ẹ̀, ọsàn á rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ṣa gbogbo èyí tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ gbé e sóòrùn kí ìdin inú ẹ̀ kú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi, eṣinṣin ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ń sìn.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má rò pé ẹ̀yin là ń bú. A mọ ohun tójú yín ń rí. Ẹni tó san owó lóṣù Kẹta fún ohun tó máa kó lóṣù Kọkànlá, owó ẹ̀ ti sùn fún oṣù mẹ́jọ. Atẹ́gùn ìbẹ̀rẹ̀ òjò lè gbọn ìdajì òdòdó dànù, kò sì ní padà wá gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà. A ò ní kẹ́ ẹ má jèrè. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti ní Pàràkòyí kí òyìnbó tó dé, ìṣòwò ò ṣàjèjì sí wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀. Owó òdòdó kì í ṣe ọjà, èlé ni. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n máa ń fi oko kòkó àti oko obì ṣe ìdógò: ẹni tó yá wọn lówó á máa jẹ èso igi, gbèsè ò sì ní dín kù, títí wọ́n á fi rí owó náà dá padà. Oko mìíràn wà tí ọmọ bá nínú ìdógò, tí ọmọ-ọmọ náà tún bá a níbẹ̀. Owó òdòdó dáa díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí sáà kan ló mọ. Àmọ́ bí àgbẹ̀ bá ń padà wá gbà á lọ́dọọdún, kí ni ìyàtọ̀?

Ẹ̀yin náà ń pàdánù níbẹ̀. Ẹ lọ sọ́jà Kétu l'Ékòó, kẹ́ ẹ bi tíìrélà ọsàn tó ń já sílẹ̀ pé níbo ló ti wá. Benue lẹ máa gbọ́ jù. Ọ̀nà tó ju 600 kìlómítà lọ ni wọ́n rìn. Láti Abẹ́òkúta sí Èkó, bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni. Látọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, gbogbo kìlómítà ló ń bu owó jẹ. Ó yẹ kí ọsàn Ẹ̀gbá ti borí lójú ọ̀nà yẹn. Kí ló fà á tí kò fi borí? Ọsàn Benue pọ̀, ó sì dùn, torí wọ́n gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu. Tiwa kéré, ó wà káàkiri, èyí tó gbó àti èyí tí ò gbó sì wà nínú àpò kan náà. Oníbàárà tó mu ọsàn kíkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ yín ò ní padà wá nígbà kẹta.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òní ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣe wá? Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1861, òwú wọn ò rójú jáde mọ́, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wá ń wá òwú Abẹ́òkúta kiri, owó sì gun orí ẹ̀. Ogun parí lọ́dún 1865. Òwú Amẹ́ríkà padà sọ́jà, owó tiwa já wálẹ̀. Lónìí, ta ló tún ń pe Abẹ́òkúta ní ìlú òwú? Ẹni tó bá lọ sí Ìtòkú á rí àdìrẹ, àmọ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń rẹ sí aró kì í ṣe òwú oko wa.

Ẹ wá wo àwọn ará Brazil. Lóṣù Kejìlá ọdún 1962, òtútù líle já lu Florida ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ọgbà ọsàn lọ rẹpẹtẹ. Àwọn ará Brazil rí àyè yẹn. Wọn ò kàn kó ọsàn tútù lọ fún ẹni tó ń wá a. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún un, wọ́n ń sè é kó ki, wọ́n sì ń kó o lọ sókè òkun. Òtútù Florida lọ, igi ibẹ̀ hù padà, Brazil ò kúrò lọ́jà. Lónìí, nínú omi ọsàn mẹ́rin táwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn, bíi mẹ́ta ló ń ti Brazil wá. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Florida tún wà nínú ìdààmú báyìí. Lọ́dún 2005 ni wọ́n rí àrùn kan níbẹ̀ tó ń sọ ewé ọsàn di pupa rúsúrúsú, tó ń mú kí èso kéré kó sì korò, tí kò sì gbóògùn. Ní sáà 2003 sí 2004, páálí ọsàn mílíọ̀nù 242 ni wọ́n kó níbẹ̀, páálí kan tó bíi kílò 41. Ní sáà 2024 sí 2025, bíi mílíọ̀nù 12 ló kù. Ní ìparí 2024, omi ọsàn kíki ta ju dọ́là márùn-ún lọ fún ìwọ̀n páùn kan lọ́jà New York, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹ má sáré lọ ra ilẹ̀ tìtorí ìyẹn o! Nínú ọdún 2025 náà, owó ọ̀hún tún já wálẹ̀ gan-an. Igi tó ń gba ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so dáadáa ò lè sáré bá iye owó oṣù kan. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ẹni tó bá ní igi nílẹ̀, tí èso ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ara ẹ̀, òun ni irú àyè bẹ́ẹ̀ ń bá. Ẹni tó bá ti ta òdòdó, ìròyìn lásán ló máa gbọ́.

Àyè kan sì wà nítòsí. Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó jùúsì inú páálí wọlé tipẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jùúsì ọsàn tá à ń mu, omi ọsàn kíki láti òkè òkun ni wọ́n kó wá, tí wọ́n pò mọ́ omi níbí. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kó tó di oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Lọ́dún 2024, ó ti ń lọ sí ₦1,500. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ń rà ti di ìlọ́po mẹ́ta lówó náírà, láìjẹ́ pé ọsàn kan ṣoṣo dùn sí i? Àwọn àgbà inú wa ṣì rántí jùúsì inú agolo tí ilé-iṣẹ́ Lafia ń ṣe n'Ìbàdàn láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ọsàn ilé ni. Kì í ṣe ohun tí a ò ṣe rí.

Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kì í bá ẹni kọ̀ọ̀kan ra àpò méjì. Wọ́n fẹ́ ọsàn tó dùn bákan náà, tó pọ̀, tó ń dé lóṣooṣù, wọ́n sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé kó tó gbó. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú wọn lóṣù Kẹrin? Ṣé bàbá ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá yẹn, tí ò lè fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ ní ẹyọ kan?

Ẹlòmíì á ní ọsàn wa ò rẹwà bíi ti ṣúpámákẹ́ẹ̀tì, pé aláwọ̀ ewé ni. Òtútù òru ló ń pọ́n èèpo ọsàn lójú. Òru tiwa ò tutù tó, torí ẹ̀ ni ọsàn ṣe lè gbó tán, kó dùn bí oyin, kí èèpo ẹ̀ sì ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Apá Ọbáfẹ́mi-Owódé, Mowé dé Ọ̀fadà, ọgbà ọsàn ń di ilé lójú wa. Ẹni tó ní ilẹ̀ ló ni ilẹ̀, a ò lè ní kó má tà á. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ tà, ẹ ka ọdún tó kù lára igi mọ́ iye owó. Igi ọdún mẹ́wàá ṣì ní ọdún púpọ̀ lára. Bó bá sì jẹ́ ìjọba ló fẹ́ gba ilẹ̀ fún ọ̀nà tàbí rélùwéè, ẹ rántí pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 29, sọ pé iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ kàn bá dá lé irè oko ni wọ́n máa san. Òun ló ń dá iye, kì í ṣe ẹ̀yin. Bó bá wá bá yín láìní àkọsílẹ̀ kankan, kí lẹ fẹ́ fi bá a jiyàn? Ẹ ka igi yín. Ẹ ya fọ́tò wọn. Ẹ kọ ọdún tẹ́ ẹ gbìn wọ́n, kẹ́ ẹ sì máa kọ iye tẹ́ ẹ tà lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ tó ń ta òdòdó kì í mọ iye ọsàn tí igi ẹ̀ so, torí òun kọ́ ló kà á.

A mọ̀ pé ebi ò gbọ́ wàásù. Oṣù Kẹta le. Iṣẹ́ oko bẹ̀rẹ̀, owó ò sí nílé, ẹ̀yin oníṣòwò nìkan lẹ ní i lọ́wọ́. Torí náà a ò ní kẹ́nì kan má gba owó. Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ má ta gbogbo oko. Bí igi bá jẹ́ ọgọ́ta, ẹ ta ogún, kẹ́ ẹ so okùn mọ́ ogún náà nídìí kó hàn. Ẹ kọ ọ́ síwèé, ìwé méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ olúkúlùkù: iye igi, iye owó, ọjọ́ tí jíjá gbọ́dọ̀ parí, àti pé ẹni tó bá ya ẹ̀ka máa sanwó ẹ̀ka. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ yá ara yín lówó oko lóṣù Kẹta kó tó di pé àjèjì yá yín. Bí èèyàn mẹ́wàá bá sì para pọ̀, tí wọ́n jọ gba ọkọ̀ kan lọ sí Kétu lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, náírà mẹ́wàá tá à ń wí yẹn ò ní jìnnà mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn tuntun, ẹ má gbin kóró tẹ́ ẹ mu sílẹ̀. Á pẹ́ kó tó so, ẹ ò sì ní mọ irú èyí tó máa jẹ́. Ẹ ra ọ̀gbìn tí wọ́n ti so ojú ọsàn dídùn mọ́ ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù, lọ́dọ̀ ẹni tó lè fi igi ìyá ẹ̀ hàn yín. Ẹ béèrè ní NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso tó wà ní Ìdí-Ìṣin n'Ìbàdàn láti ọdún 1975, tàbí ní FUNAAB níbí. Ẹ gbin Agege 1, kẹ́ ẹ fi Valencia tó máa ń pẹ́ gbó kún un, kí gbogbo ẹ̀ má bàa gbó lọ́jọ́ kan. Lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí lè wà láàárín ẹ̀ kó máa bọ́ yín. Ẹ má gbé ẹ̀gẹ́ sún mọ́ ọn.

Bí ẹnì kan bá ti san owó òdòdó ọdún yìí fún yín, ẹ kọ iye igi àti iye owó sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má dárúkọ oníṣòwò, ìyẹn kọ́ là ń wá. Nígbà tí wọ́n bá wá já a, kẹ́ ẹ bá wa ka ọsàn tó jáde lára igi kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ padà wá kọ ọ́ síbẹ̀. Àwa náà á kọ ti bàbá ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Ó ti gbà pé ní oṣù Kẹta tó ń bọ̀, ogún igi lòun máa tà, ogójì á kù sílé.